Ohùn Ìyá Mi Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀gúsí ni mò ń bó lẹ́yìnkùlé nígbà tí orin kan gba orí ògiri wọlé láti ilé kejì. Ẹnì kan náà ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó bá dún lọ díẹ̀, ohùn rẹ̀ á tín-ín-rín bíi ti òròmọdìẹ, á máa sáré. Bó bá tún yá, á rọlẹ̀, á máa wọ́ bí ẹni tó ru igi ìdáná bọ̀ láti oko. Ọwọ́ mi dúró sínú igbá.

Fúnmi, ọmọ aládùúgbò wa, ló ń ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi kọ̀m̀pútà tún orin ṣe fún àwọn akọrin. Mo yọjú sí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wọlé, àǹtí. Kò sí nǹkan tó ń jẹ èèyàn níbí."

Mo wọlé, mo jókòó sẹ́bàá ìlẹ̀kùn bí ìṣe mi. N kò lè sọ fún un pé mo ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sì sí kọ̀m̀pútà lábúlé wa nígbà náà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fóònù láyé lè má mọ bí bátìrì ti ṣe pàtàkì tó. Kò sí iná ní abúlé wa, lẹ́yìn ìlú Ìrókò. Bí bátìrì rédíò Bàbá mi bá ti rẹ̀, a ó kó wọn lọ sá sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún. Adìẹ á ṣa láfún jẹ, wọ́n á fojú di bátìrì. Bí oòrùn bá pa wọ́n dáadáa, wọ́n á tún ṣiṣẹ́ díẹ̀, bí arúgbó tó mu ẹ̀kọ gbígbóná. Bàbá ní bátìrì kì í kú, ó kàn máa ń rẹ̀ ẹ́ ni.

Ìyá mi ló máa ń dá orin ìkórè sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ìjọ aládùúrà wa. Lọ́dọọdún ni Ìyá mi ń ronú orin tuntun nídìí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó, tí wọ́n á sì fi kọ́ àwọn yòókù. Ohùn wọn kò ga. Ó rọlẹ̀, ó sì fẹ̀, èèyàn lè jókòó sínú rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ikọ́ dá wọn dùbúlẹ̀. Wọn ò lè rìn dé ilé àdúrà mọ́.

Bàbá ní, "Bí o ò bá lè lọ, Àbẹ̀kẹ́, ohùn rẹ á lọ."

Wọ́n kó bátìrì wọlé láti orí àpáta, ó ṣì ń gbóná. Wọ́n gbé rédíò sórí àpótí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, wọ́n ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ kó lè gba ohùn sílẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Èmi náà wá di olórin."

"Kọrin jàre, kí bátìrì tó sùn."

Wọ́n kọ ọ́. Bàbá ò tún un gbọ́, kí bátìrì má baà ṣòfò. Kí ìkórè tó pé, a ti sin Ìyá mi sẹ́yìn ilé, nídìí igi ọsàn.

Nígbà tí ọjọ́ ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, Bàbá lọ ra bátìrì tuntun ní Mọ́níyà. Wọn ò fẹ́ kí ohùn ìyàwó wọn ṣẹ́ láàárín ìjọ. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, òun ló sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bátìrì tó ti rẹ̀ ló yí kásẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ẹ́jẹ́ nígbà tí a ń gba ohùn sí i. Nígbà tí èyí tó lágbára wá ń yí i, ohun gbogbo ń sáré. A ò mọ̀.

Ohun tó jáde nínú ilé àdúrà kì í ṣe Ìyá mi. Ó tín-ín-rín, ó ń já lu ara rẹ̀. Àwọn obìnrin tó fẹ́ gbè é ò rí ibi tí wọ́n máa wọlé. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín.

"Ṣé òròmọdìẹ la wá gbọ́ ni?" Obìnrin kan ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi.

Ìyá Ìjọ dìde. "Ẹ pa á. Èyí kì í ṣe ohùn Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀mí mìíràn ló gba ibẹ̀."

Bàbá pa á. Orin àtijọ́ ni ìjọ kọ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan nínú ti Ìyá mi. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó kọ orin wọn mọ́, títí kan èyí tí gbogbo ayé ti ń kọ tẹ́lẹ̀. Bí mo bá lọ pọnmi, àwọn ọmọ á máa ké bí òròmọdìẹ lẹ́yìn mi. Mo ti ń tijú tẹ́lẹ̀. Mo wá dákẹ́ pátápátá.

Bàbá fi gèlè Ìyá mi di kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tún dárúkọ rẹ̀, nígbà tí mo ti dàgbà.

"Ìwọ náà, ṣé ohùn ìyá ẹ nìyẹn?"

"Rárá, Bàbá."

Wọ́n mi orí. "Kí wá ni mo gbà síbẹ̀?"

Wọ́n kú, àpótí náà sì kàn mí. Òun ni mo lọ tú lọ́jọ́ tí mo gbọ́ orin Fúnmi. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ bá Fúnmi, mo sì sọ ohun tí Ìyá Ìjọ wí fún un. Ó ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹ̀rọ, ó tẹ́tí sí i, ó ní, "Bátìrì wọn ló ti rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà á, àǹtí. Kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀. Báwo ni ohùn wọn ṣe rí gan-an, kí n mọ ibi tí mo máa fà á dé?"

N kò rántí bó ṣe rọlẹ̀ tó mọ́. Ohùn òròmọdìẹ yẹn ti jẹ ohùn Ìyá mi tán nínú orí mi.

Kásẹ́ẹ̀tì ń yí lọ. Orin parí, ikọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ohùn kékeré kan sáré sọ̀rọ̀: "Ó tó, Àbẹ̀kẹ́. Sinmi." A ò dé ibẹ̀ ní ilé àdúrà. Bàbá mi ni. Ohùn tiwọn kò tíì kúrò létí mi.

"Fà á wálẹ̀," ni mo wí.

Fúnmi ń fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Bàbá ń tún ọ̀rọ̀ wọn sọ, títí wọ́n fi di ẹni tó jókòó ti ẹní aláìsàn nínú iyàrá wa.

"Dúró níbẹ̀."

Ó padà síbi tí orin ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi kọrin. Ohùn wọn rọlẹ̀, ó fẹ̀, mo sì gbọ́ ohun tí eré sísá ti bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá: bí èémí wọn ṣe ń já láàárín ọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń sinmi kí wọ́n tó gbé ìlà kejì. Wọ́n ti mọ̀ pé àwọn ń lọ.

"Mo lè yọ ikọ́ náà kúrò, àǹtí."

"Má yọ ọ́."

Kò sẹ́ni tó ń sá bátìrì mọ́. Ìyá Ìjọ ti kú, àwọn tó yẹ kó gbè é náà ti lọ, kò sì sí ẹni tí mo lè gbé e tọ̀ lọ pé ẹ wò ó, òun náà ni. Mo ti ní ìdáhùn fún ìbéèrè Bàbá. Ẹ̀gbẹ́ Ìyá mi ni a sin wọ́n sí, nídìí igi ọsàn.

Ṣùgbọ́n mo ti mọ orin náà. Bí mo bá ń bó ẹ̀gúsí, mo máa ń kọ ọ́ lóhùn kékeré, mo sì máa ń dúró níbi tí Ìyá mi ti dúró mí. N kì í jẹ́ kó sáré.