Yíyẹ̀ Tàbí Gbígbá, Lójú Baba Ìsàlẹ̀ Wa

Ẹgbẹ́ rọ́gíbì àwọn obìnrin ni mo ń kọ́ ní Adó-Èkìtì. Bọ́ọ̀lù rọ́gíbì rí bí èso kòkó, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, wọ́n sì lè fi ẹsẹ̀ gbá a, ẹni tó bá sì gbé e mọ̀ pé àwọn kan ń bọ̀ wá gbé òun ṣánlẹ̀. Pápá ilé-ìwé kan la ti ń ṣe é. A máa ń kọ́kọ́ lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀ ná.

Nọ́ọ̀sì kan ló mọ̀ ọ́n sá jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti kàn án, yóò gbá a dànù bí ẹni tí wọ́n gbé ẹyin iná lé lọ́wọ́.

Mo sọ fún un pé, "Ojú ni kó o kọ́kọ́ lò. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló dá dúró níwájú rẹ, tí àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yẹ̀ ẹ́ kó o máa lọ. Tí wọ́n bá tò bí ògiri, tí ẹ̀yìn wọn sì ṣófo, gbá a sẹ́yìn wọn kó o lé e."

"Mo ti gbọ́, Kóòṣì. Ṣùgbọ́n Bàbá ní kí n máa gbá a ṣáá ni."

Baba ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa ló ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Òun ló ra aṣọ tí a fi ń ṣeré, ó sì gbà pé òun ra ọpọlọ wa mọ́ ọn. Kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Abẹ́ agboòrùn ló máa ń jókòó sí, tí á máa pàṣẹ pé, "Gbá a, gbá a."

Lọ́jọ́ tí a gbàlejò ẹgbẹ́ kan láti Àkúrẹ́, bọ́ọ̀lù kan nọ́ọ̀sì. Ẹnì kan péré ló wà níwájú rẹ̀, ó tẹ̀ kòòkò, ó ń mí hẹlẹ. Nọ́ọ̀sì kò wo onítọ̀hún, abẹ́ agboòrùn ló wò.

"Gbá a."

Ó gbá a. Ọwọ́ ẹni tó yára jù nínú àwọn àlejò ló bọ́ sí tààrà, ìyẹn sì gbé e sá títí dé òpin pápá wa. Wọ́n jẹ àmì ayò.

Nígbà ìsinmi, Bàbá wọ inú pápá. Tí inú bá ń bí i, "iṣẹ́" a máa di "uṣẹ́" ti Èkìtì lẹ́nu rẹ̀. "Ta ló ní kó gbá a? Kóòṣì, ṣé uṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ wọn rèé?"

Nọ́ọ̀sì wò ó bó ṣe ń wo aláìsàn tó ní òun ti lo oògùn, tí oògùn sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síwájú mi, kí n lè mọ ìgbà tó yẹ kí n gbá a."

Bàbá fẹwọ́ méjèèjì. Nọ́ọ̀sì gbé bọ́ọ̀lù, ó sáré sí i, ó ṣe bí ẹni ń lọ sí ọ̀tún, ó gba òsì kọjá. Bàbá bá ọ̀tún lọ, ó sì jókòó sórí koríko pẹ̀lú aṣọ gínì funfun rẹ̀. Nọ́ọ̀sì padà wá gbé e dìde, ó ń gbọn aṣọ rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ṣé ibì kankan ń dùn yín?"

Abẹ́ agboòrùn dákẹ́ láti ìgbà náà. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ níbi tó yẹ kó yẹ̀, ó gbá a níbi tó yẹ kó gbá a, ó sì jẹ àmì ayò fún wa. Àkúrẹ́ ṣì nà wá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Máàsì, mo bá Bàbá láàárín àwọn ojúgbà rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń sọ fún wọn pé òun ló kọ́ ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń yẹ̀. Ó rí mi, ó ní kí n jẹ́rìí.

Mo ní, "Òótọ́ ni, sà. Láti ilẹ̀ lẹ ti kọ́ ọ."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.