Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ọpẹ́

Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àwa mẹ́ta la jókòó ní pálọ̀ mi l'Ọ́wọ̀: ẹ̀gbọ́n mi àgbà, Bàbá Ìjọ, àti èmi lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Ẹnì kẹrin wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ ibùsùn mi. Àbúrò ìyàwó mi ni. A kò kà á mọ́ wa.

Ìyàwó mi ti kú kí n tó já láti orí òrùlé níbi tí mo ti ń dí pánù tó ń jò. Ọ̀pá ẹ̀yìn mi ṣẹ́. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, n kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Àbúrò rẹ̀ wá láti Isuada ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ó ní òun kàn wá kí mi ni. Ó gba yàrá kan ní àdúgbò kejì sí tiwa, ọdún kẹrin rèé. Òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń tọ́jú rọ́bà ìtọ̀ mi. Ní wákàtí wákàtí ló máa ń di èjìká mi mú, tí yóò gbé mi sókè díẹ̀ lórí àga, kí ìdí mi má baà dégbò.

Ìjọ wa fẹ́ ṣe ọpẹ́ fún mi, nítorí pé n kò kú. Wọ́n ti kọ ìwé àwọn tí wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bàbá Ìjọ kà á fún wa bí ẹni ń ka Bíbélì. Orúkọ tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹ̀gbọ́n mi ti wá wò mí kí ó tó di ọjọ́ náà. Nígbà méjèèjì, ó tẹ ìka ẹsẹ̀ mi, ó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n lára. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó ní àdúrà ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ akọrin náà wà nínú ìwé. Wọ́n wá kọrin lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n gbé kúlà wa lọ.

Mo ní àbúrò ìyàwó mi ńkọ́. Bàbá Ìjọ yọ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ará ilé ni yẹn. Ta ní ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ pé ó gbé oúnjẹ dé ẹnu?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbè é lẹ́yìn, ó ní bí a bá ń dúpẹ́ jù lọ́wọ́ obìnrin, yóò máa rò pé òun ṣe nǹkan. Àwọn méjèèjì wò mí. Èmi tí irùngbọ̀n mi ti hù kí n tó wọ ilé ìwé, tí mo sì ń yangàn pé mo mọ̀wé, mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ìró aṣọ tí àbúrò ìyàwó mi ń gbọ̀n lẹ́yìnkùlé dákẹ́.

Ó wọlé, ó gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó bo oúnjẹ mi. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì lọ. Kò wojú mi. Aago márùn-ún lù, kò sí ẹni tó gbé mi sókè.

Ní aago mẹ́fà, mo bẹ àwọn ẹni ọpẹ́ kí wọ́n gbé mi sórí ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n mi di abíyá mi mú, Bàbá Ìjọ di ẹsẹ̀ mi mú, bí ẹni gbé àpò kòkó. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tú àpò ìtọ̀ kúrò lára àga. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Àpò náà bẹ́, ó dà sára agbádá funfun ẹ̀gbọ́n mi.

"Ọmọbìnrin yẹn dà? Kí lorúkọ rẹ̀ ná?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

Ọdún mẹ́rin. Kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n fi mí sílẹ̀ ní ìdábùú ibùsùn, wọ́n ní àwọn ń lọ wẹ̀.

Mo fi wọ́n ṣẹ̀sín nínú mi títí ó fi kàn mí. Nílé tiwa, ẹni tí a ṣe lóore lánàá gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà olóore rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù. Bàbá mi rìn láti Upenmen wá sí Ọ̀wọ̀ rí láti dúpẹ́ ẹrù iṣu kan. Èmi kò lọ rí. Gbogbo àárọ̀ ni olóore mi ti ń dé kí n tó lajú. Mo fi ìyẹn ṣe àwáwí. Bí kò bá wá mọ́, egbò ni yóò pa mí, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun òwúrọ̀, mo fa pátákó tí ó fi kọ́ mi bí a ti ń yọ́ bọ́ sórí àga. Kí n tó jókòó tán, àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń kọjá. Mo yí kẹ̀kẹ́ fúnra mi dé àdúgbò kejì.

Ó ń gbálẹ̀ iwájú ilé. Àna mi ni. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀. Mo tẹríba síwájú lórí àga títí ọwọ́ mi fi kan ilẹ̀.

"Ẹ ṣeun lánàá o." Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń pè é ní ìwọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Bí ẹ bá ré lulẹ̀, Bàbá Ìjọ ni n ó ránṣẹ́ pè kó wá gbé yín."

N kò dìde. Mo ní ẹ ṣeun níjẹta, ẹ ṣeun níjẹrin. Mo ń kà á lọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, títí ó fi gbé ìgbálẹ̀ jù sílẹ̀, tí ó di èjìká mi mú, tí ó sì gbé mi sókè díẹ̀ lórí àga.