Tinúọlá Olójú Ológbò

Tinúọlá kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo gíláàsì ní 1976. Ilé iṣẹ́ ìgò kan ní Oregun ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìgò á máa tò kọjá níwájú iná tó mọ́lẹ̀ yòò, òun á sì máa yọ èyí tó bá sán kúrò. Nígbà tí kò rí ojú ibi tó sán dáadáa mọ́, ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ ṣàyẹ̀wò ojú ní Ìkẹjà.

Férémù tó mú níbẹ̀ dúdú, igun rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣónṣó sókè bí etí ológbò. Láyé ìgbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, òun làwọn nọ́ọ̀sì àti obìnrin akọ̀wé fi ń yangàn. Àmọ́ nígbà tí Tinúọlá fi máa ra tirẹ̀, ayé ti kúrò níbẹ̀. Gíláàsì gbàgàdà tó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló gbòde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ ọ́ ní Olójú Ológbò, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí. Kò bínú. Ó ní ojú òun tẹ́jú jù, ohun tó ṣe ṣónṣó ló yẹ ẹ́.

Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà kí ilé iṣẹ́ ìgò tó kógbá wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù wọn jáde, gíláàsì bọ́ lójú Tinúọlá, ẹnìkan tẹ̀ ẹ́, apá kan sì kán. Olúṣẹ̀yẹ, ọkọ rẹ̀, bá a wá irú rẹ̀ láti Agége títí dé Ìkẹjà. Oníwáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí dígí rẹ̀ kéré ni gbogbo àwọn tó ń tà kó síta.

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí,” ni ọ̀kan nínú wọn wí fún Tinúọlá, “ta ló tún ń wọ ìyẹn? Tàwọn ìyá àgbà ni.”

Olúṣẹ̀yẹ ra oníwáyà fún un. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan, ó ní ńṣe ló dà bíi pé òun yá ojú lò. Ó gbé èyí tó kán lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan l'Ágége, ìyẹn sì fi idẹ so apá rẹ̀ padà. Òun ló fi ń ríran fi òwú sí abẹ́rẹ́ nígbà tó di aránṣọ.

Lọ́dún tó kọjá, ojú rẹ̀ tún yí padà, férémù náà sì ti gbó débi pé kò lè gba dígí tuntun mọ́. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù Uswat, ọmọbìnrin kan tó ń ta gíláàsì nítòsí Computer Village. Ẹnu yà á. Olójú ológbò ló kún ara ògiri: pupa, aláwọ̀ ewé, èyí tó mọ́ gaara bí omi.

“Màmá, tòde òní lẹ wọ̀ yẹn!” ni Uswat wí. “Òun ni gbogbo ọmọge ń béèrè báyìí. Ẹ jẹ́ n mú dúdú wá fún yín.”

Tinúọlá wọ̀ ọ́, ó wo dígí. Ó bá a mu. Ọmọge méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà wọ irú rẹ̀, wọ́n ń ya ara wọn ní fọ́tò. Ó bọ́ ọ.

“Ṣé kò dáa ni, Màmá?”

“Ó dáa. Mo ti wọ̀ ọ́ tó ni. Mú èyí tó rí rìbìtì yẹn wá.”

“Ìyẹn kì í tà o.”

“Kò burú.”

Nígbà tó wọ rìbìtì náà délé, Olúṣẹ̀yẹ gbójú sókè, ó wò ó títí.

“O wá dà bí ìyá rẹ,” ló wí.

“Ẹ ṣeun,” ni Tinúọlá dáhùn. “Arẹwà ni ìyá mi.” Ó wọlé lọ bọ́ bàtà.