Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ fún Bọ̀dá Mi

Bọ̀dá mi, àkọ́bí ìyá wa, ló ń ka ìwọ̀n omi odò Ọya fún ìjọba ní Lọ́kọ́ja. Wọ́n ri pátákó kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára mọ́ etí odò. Láràárọ̀ ni yóò lọ wo ibi tí omi dé, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá bi í pé ibo ni omi dé lọ́jọ́ tí mo ṣe ìdánwò àṣejáde, yóò sọ ọ́ fún yín láìwo ìwé. Èmi tí mi ò lè rántí ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí láàárọ̀, mo máa ń jowú rẹ̀.

Bàbá wa kú, kò sì ju ọdún díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí ohun gbogbo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀ lójú Bọ̀dá. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò bá húkọ́, Bọ̀dá á ní òun ló ń bá wí. Bí obìnrin Nupe tó ń ta ẹja nítòsí wa ní Kabawa bá da omi nù, ó ní ìdí. Àwa ará ilé wá dá ọgbọ́n kan, pé ká má bá a jiyàn. Màmá fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ.

"Ẹ gbà fún un," ó ní. "Bí ara rẹ̀ bá rọlẹ̀, yóò gbàgbé."

Ta sì ni èmi àbúrò, tí màá wo ẹ̀gbọ́n mi lójú kí n ní irọ́ ló ń pa?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá gbé iyán wá síwájú Bọ̀dá. Ó ti abọ́ náà sẹ́yìn. Ó ní òun ti rántí báyìí: lọ́sẹ̀ tí Bàbá kú, òun rí Màmá tó ń da nǹkan funfun sínú ẹ̀kọ mímu Bàbá. Ikọ́ ló pa bàbá wa, gbogbo àdúgbò ló sì gbọ́ ikọ́ náà. Bọ̀dá yíjú sí mi.

"Àbí ìwọ ò sí níbẹ̀? Ṣé o ò rí i ni?"

Mo wo Màmá. Ó ṣẹ́jú sí mi pé kí n gbà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá. Mo rí i."

Lójú ẹsẹ̀ ni ara rẹ̀ balẹ̀. A rò pé ọgbọ́n wa ti ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n òmùgọ̀!

Nígbà tó yá tí àìsàn náà ń pọ̀ sí i, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú, ibi tó jìnnà sí Lọ́kọ́ja. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ní sùúrù. Ó ní nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dopamíìnì. Bí ohun tó ṣe pàtàkì bá bá wa lójijì, ó wà lára ohun tó ń bá wa sàmì sí i pé ká má gbàgbé. Òun ni ọmọdé fi ń mọ ilé tí wọ́n ti fún un ní àkàrà. Ní ti Bọ̀dá, ó jọ pé ó ti pọ̀ jù, ó ń sàmì sí ohun gbogbo, títí kan ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá. Abẹ́rẹ́ yóò dín agbára rẹ̀ kù.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé yóò pa èyí tó ti sàmì sí tẹ́lẹ̀ rẹ́?"

Dókítà ní, "Oògùn ò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ṣòro, àgàgà bí ẹlòmíràn bá ti gbè é lẹ́yìn."

Kò mọ̀ pé èmi ni ẹlòmíràn ọ̀hún. Ojú tì mí, mi ò lè sọ fún un.

Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Rédíò padà di rédíò. Bọ̀dá padà sídìí pátákó rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́rẹ́ náà ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, tí nọ́ńbà ò sì dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ ò kúrò níbi tó wà. Kò jẹ oúnjẹ Màmá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo mú un gun Òkè Pátì. A jókòó síbi tí a ti ń rí odò méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

"Bọ̀dá, irọ́ ni mo pa fún yín. Mi ò rí nǹkan kan. Ikọ́ ló pa Bàbá."

Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Mo mọ̀ pé Màmá á bẹ̀ ọ́ pé kí o sẹ́ ẹ. Ìyá ẹni ni. Má bẹ̀rù, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwọ lo sọ ọ́ fún mi."

Pé èmi ni mo sọ ọ́ fún un! Mo sunkún títí a fi sọ̀ kalẹ̀, òun ló sì ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Lọ́dún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, tí ariwo ayọ̀ gba gbogbo ìlú, Màmá gún iyán fún Bọ̀dá. Ìgbà yẹn, Bọ̀dá ti gbà láti máa jẹ oúnjẹ Màmá, bí èmi bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Màmá gbé abọ́ náà kalẹ̀ níwájú mi, kì í ṣe níwájú ọmọ tó gún un fún. Ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wa. Mo ge òkèlè kan. Bọ̀dá tẹjú mọ́ ọ̀fun mi, Màmá ò sì bojú wẹ̀yìn títí mo fi gbé e mì.