Bí Aṣọ Kajú Ṣe Kúrò Lọ́wọ́ Tata

Ó wọlé! Ó wọlé! Mo fò sókè, bàtà mi já, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi gbé mi, eruku bo gbogbo wa, mò ń pariwo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú ìdánwò bac. "Èmi ni! Èmi ni o!" Àfi ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn tí mo rí Tata, tí wọ́n ń tú aṣọ kajú kúrò nídìí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní abúlé wa lẹ́yìn Tchaourou, lọ́dọọdún, tí a bá ti ta kajú tán, àwa obìnrin máa ń figa gbága. A ó gbẹ́ ihò kékeré sábẹ́ igi kajú àgbà kan, a ó dúró lókèèrè, a ó máa ju kóró kajú sí i. Wọ́n ní àwọn ìyá ìyá wa ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ oníkajú tí kò tètè dé. Eré ni, ṣùgbọ́n má fi ṣeré níwájú wọn! Ẹni tó bá borí ló máa ró aṣọ kajú títí ọdún máa fi yípo. Ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ ọn nídìí. Tí èèyàn bá borí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, aṣọ di tiẹ̀ nìyẹn.

Tata, àbúrò ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, ti borí lẹ́ẹ̀mejì. Ojú wọn sì ti ń ṣókùnkùn. Dókítà ní Parakou ní kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n kọ̀.

"Kí n kọ́kọ́ gba aṣọ mi. Tí mo bá gbà á tán, màá lọ."

Gbogbo ilé la mọ̀. Mo tiẹ̀ rò ó pé kí n ju kóró mi síbòmíì, àfi bí ẹni pé Tata gbọ́ ohun tó wà nínú mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, tó o bá mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sígbó nítorí mi, má jẹun nílé mi mọ́."

"Tata, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀."

"Eh bien, ó dáa. Jù ú dáadáa, kí n lè fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó wá ku àwa méjèèjì. Tó bá di jíjù ìkẹyìn, àṣà wa ni pé ẹni tí ẹ jọ ń figa gbága á lọ fẹsẹ̀ sẹ́yìn ihò, kó o lè rí ibi tí wàá jù sí. Mo lọ dúró fún Tata. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọn ò jù ú.

"Ṣé o ti fẹsẹ̀ síbẹ̀?"

Mo ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. "Mo wà níbí, Tata." Mo fẹsẹ̀ lulẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́. Kóró náà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ jìnnà.

Ó kàn mí. Mo búra, mi ò rántí ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ihò yẹn nìkan ni mo rí!

Nígbà tí Tata ń so aṣọ mọ́ mi nídìí, ọwọ́ wọn ń wá etí aṣọ kiri.

"Ijó wo lo jó yẹn? Bí ewúrẹ́ tó já okùn. Félicitations, o kú oríire, ọmọ mi."

Mo bi wọ́n jẹ́jẹ́ pé, "Parakou ńkọ́?"

"Màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀ ṣì wà."

Ọdún mẹ́ta míì, pẹ̀lú ojú yẹn! Èmi ni mo fà á. Inú mi sì ń dùn, ẹ gbọ́, inú mi ò yéé dùn, ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé onízém lọ sílé wọn, kó fi alùpùpù rẹ̀ gbé wa dé ibi tí takisí Parakou ti ń kó èrò. Tata ń fẹ́ná lọ́wọ́.

"Ta ló ń lọ sí Parakou?"

"Àwa méjèèjì ni."

"Mo ti gba aṣọ ni?"

"Èmi ni mo gbà á, Tata. Ẹ dìde."

Wọ́n bú mi, wọ́n bú ìyá mi, wọ́n bú onízém tó ń rẹ́rìn-ín. Mo bomi paná ààrò wọn, mo mú gèlè wọn wá, mo sì di ọwọ́ wọn mú títí dé ìdí alùpùpù.