Ta Ló Gba Ìwé Lọ́wọ́ Baba Boaz?

Òkun o, ẹ̀yin ará Kábà nílé lóko. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń sá fún ìròyìn yìí. Baba Boaz Ọlábímtán, onísinimá, ti kú. Orí bẹ́ǹṣì ẹnu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì ni Baba kú sí, níbi tí wọ́n ti ní kí Baba dúró.

Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó síbẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ni máígádì tó rí i pé orí Baba ti tẹ̀ sí àyà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin! Ẹnikẹ́ni kò bu omi fún wọn. Àwọn ọ̀gá ní ìpàdé làwọn ń ṣe. Ìpàdé kí ni? Bí wọn yóò ṣe ṣí ilé eré ìdárayá tuntun, èyí tí wọ́n fi ilé sinimá wa ṣe.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Baba fi yí ẹ̀rọ nínú ilé yẹn. Ìyá mi, Theresa, ní bí fíìmù Íńdíà bá ń lọ lọ́wọ́, Baba á yọrí lójú fèrèsé yàrá ẹ̀rọ, wọ́n á máa túmọ̀ rẹ̀ sí Owé, èdè wa, fún gbogbo èrò. Bí ìyá mi bá pariwo pé, "Boaz, kí ni ìyàwó yẹn ń sunkún sọ?" Baba á ní, "Ó ní kí Theresa panu mọ́, kí òun rí ẹkún sun!" Ilé á gba ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n àyè kan wà ní ìlà keje tí Baba kì í gbé àga sí. Èrò lè kún dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ á ṣófo. Àwọn kan ní àyè iwin ni, Baba kì í sì í jiyàn. Èmi tí a jọ ń gbé àgbàlá kan ni wọ́n sọ òótọ́ fún: "Ìyá Ṣèyí, kànga ló wà níbẹ̀. Igi ọ̀pẹ ni wọ́n tò lé e lẹ́nu nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ àti símẹ́ńtì bò ó. Ọ̀pẹ kì í ṣe irin o, á jẹrà."

Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì gba ilé náà, wọ́n kó gbogbo àga síta. Ta ni yóò tún mọ ibi tí a kì í jókòó sí? Baba lọ bá ẹnjiníà wọn. Ẹnjiníà ní kò sí kànga nínú pílánù tó ti Lọ́kọ́ja wá. "Baba, fíìmù wo lẹ tún wò?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Baba wá ya ibẹ̀ sórí ìwé, pẹ̀lú iye ìṣísẹ̀ láti ara ògiri méjèèjì. Èmi ni mo bá wọn kọ nọ́ńbà sí i. N kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo jẹ̀bi ìyẹn. Mo rántí mẹ́rìnlá, n kò rántí láti ògiri wo.

Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ Baba nígbà tí wọ́n jáde nílé. Nígbà tí a gbé òkú wọn dé, fìlà dé, ọ̀pá dé, bàtà dé. Ìwé kò dé. James, máígádì wọn, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní, "Ìyá Ṣèyí, akọ̀wé kan jáde wá gbà á ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó ní kí Baba dúró." Ọ́fíìsì ní àwọn kò rí ìwé kankan. Ṣé ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́ ni?

Lọ́jọ́ kejì ni lẹ́tà ìbánikẹ́dùn wọn dé. Wọ́n pe Baba ní "Ọ̀gbẹ́ni Boniface, olólùfẹ́ eré ìdárayá." Eré ìdárayá! Baba tí kò sáré rí, àfi ọjọ́ tí fíìmù gbaná!

Bóyá mò ń fura jù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, wọn yóò kó igba ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọ ibẹ̀ láti fò sókè sódò fún àwọn àlejò. Ṣèyífúnmi mi wà nínú wọn. Mo lè fi tèmi pamọ́ sílé. Ọmọ Patience, aládùúgbò mi, ń kọ́? Àwọn tí wọn yóò fi bọ́ọ̀sì kó láti Ekinrin-Adde ń kọ́?

Ẹ̀yin ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ dárúkọ ẹni tó gba ìwé náà. Ẹ sọ ìdí tí kò fi padà jáde sí arúgbó tó ní kó dúró. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ yẹn wò kí ọmọ kankan tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá bá kànga níbẹ̀, èmi fúnra mi yóò wá tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lésì kó tó di ọjọ́ Rú.