Ọṣẹ Tó Jinná Nínú Ìwé

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú, lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù. Àwa mẹ́ta la dúró ti ìkòkò ńlá ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ wa, lẹ́yìn Warehouse Road: mánẹ́jà, ọkùnrin Ajégúnlẹ̀ tó ń se ọṣẹ, àti èmi tí mo ń ṣírò iye tí ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ń ná wa.

Ọkùnrin náà ki igi bọ ìkòkò, ó fà á yọ. Ọṣẹ ń ṣàn lára igi bí ẹ̀kọ mímu.

"Ọ̀gá, e never done o," ó wí. "Tá a bá tún dáná sí i lọ́la, ó di ọ̀túnla kó tó dì."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jinná dé ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá.

Mánẹ́jà yọjú wo ìwé mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di mẹ́sàn-án."

Ọjọ́ tó bá ti pè mí ní Bàbá, mo máa ń di àpò mi mú.

Ọṣẹ tí oṣù bá parí mọ́ lórí iná, èmi ni mo máa sọ bó ṣe jinná tó. Bí mo bá ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, a ó pín owó tí a ná lóṣù náà sórí ọṣẹ púpọ̀. Yóò dà bíi pé pọ́ọ́kú la fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, èrè yóò wú, mánẹ́jà yóò sì gba àjẹmọ́nú rẹ̀. Ọṣẹ nìkan ni kò ní í mọ̀ pé òun ti jinná.

"Ọ̀gá, ó ṣì ń ṣàn," mo wí.

"Èsítímétì ni, Bàbá. Ta ló wọ inú ìkòkò? Àwọn ará hẹdikọ́tà ò ní í wá fi wẹ̀."

Ọlọ́ṣẹ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá fi wẹ̀ lónìí, awọ ẹ̀ á bó!"

Mánẹ́jà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, Bàbá, ibo ló ti fẹ́ ríṣẹ́ míì? Ẹ rò ó dáadáa. Mo fẹ́ ìwé yẹn lórí tábìlì mi láago mẹ́jọ àárọ̀."

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ní Olodi-Apapa. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó gba ìwé-ẹ̀rí tí mo fi ń jẹun. Ìyàwó mi, kó tó kú, ló máa ń di ìwé mú bí mo ṣe ń ka ẹ̀kọ́ mi lórí. Bí mo bá ṣì í, á pariwo: "Irọ́!" Mo ro owó ilé. Mo ro iṣẹ́ míì. Mo wá ro ariwo yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó dáná, mo bu ọṣẹ náà sí abọ́ kan. Mo gbé abọ́ àti ìwé síwájú mánẹ́jà. Mẹ́rin ló wà nínú ìwé, orúkọ mi sì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, bó bá jẹ́ mẹ́sàn-án ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọṣẹ yìí fọwọ́. Màá tún un kọ níṣojú yín."

Ó wo abọ́. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò.

Mo fi ìwé sílẹ̀ fún un. Mo gbé abọ́, mo lọ da ọṣẹ náà padà sínú ìkòkò, kí iye rẹ̀ má baà dín.